Nígbà Tí Ìlú Ọba Jáde Nínú Ẹgbẹ́ Ọjà: Iṣẹ́ Tó Já Lé Kánsù Lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, Ìlú Ọba ló ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n agboolé tí kò ní ọmọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àna níbẹ̀ ti ń ṣọ̀wọ́n láàárín wa, ọ̀rọ̀ náà sì kan púpọ̀ nínú àwọn èèyàn wa lọ́hùn-ún gbọ̀ngbọ̀n.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2016, wọ́n dìbò ní Ìlú Ọba lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé kí àwọn dúró nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí gbogbo ayé ń pè ní EU, tàbí kí àwọn jáde? Láti ọjọ́ kìíní ọdún 1973 ni wọ́n ti wà nínú ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, nínú ọgọ́rùn-ún, bíi 52 ní kí wọ́n jáde, 48 ní kí wọ́n dúró. Ìjáde yẹn ni wọ́n ń pè ní Brexit.

Ẹ ti gbọ́ ìròyìn àwọn olórí: David Cameron tó pe ìdìbò náà, Theresa May tí ohùn rẹ̀ gbọ̀n nígbà tó ń kéde pé òun yóò fipò sílẹ̀, Boris Johnson tó mú ìjáde náà dé òpin. Lálẹ́ òní, ọ̀dọ̀ àwọn tí oníròyìn kì í sábà yà sí ni mo fẹ́ kí a yà: àwọn òṣìṣẹ́ kánsù, ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Nígbà tí àwọn aṣòfin ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ ní Westminster, àwọn wọ̀nyí jókòó sí ọ́fíìsì ní Portsmouth, ní Dover, ní Southwark ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń bi ara wọn pé: lọ́jọ́ kejì ìjáde yìí, ṣé ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn yóò ráyè kọjá? Ṣé oúnjẹ ọmọ iléèwé yóò dé? Obìnrin ará Pọ́túgà tó ń wẹ arúgbó nílé ìtọ́jú, ṣé òfin ṣì máa gbà á láyè láti wá síṣẹ́?

Èrò tèmi ni pé nínú gbogbo ìmúrasílẹ̀ wọn, èyí tí wọ́n fi símẹ́ńtì àti irin ṣe ló gbówó jù, òun náà ló sì wúlò kéré jù. Èyí tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ilé kò gba owó púpọ̀, àmọ́ ó kó èèyàn yọ nínú ewu. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Bí a bá ní ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ wa níbí, ohun tó ń wá sí wa lọ́kàn ni ọjà, gáréèjì àti ìwé ẹ̀rí pé èèyàn jẹ́ ọmọ ìlú. Iṣẹ́ kánsù ní Ìlú Ọba gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ló ń kó ìdọ̀tí. Òun ló ń gba ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lè tọ́ sọ́wọ́, tí yóò sì dúró bí òbí fún un. Òun ló ń sanwó ìtọ́jú arúgbó tí kò ní lọ́wọ́. Òun náà ló ń yẹ oúnjẹ wò. Wolé-wolé tí àwọn bàbá wa ń bẹ̀rù láyé ìjọba Òyìnbó, tó máa ń yọjú wo àmù àti ṣáláńgá, irú rẹ̀ wà lábẹ́ kánsù lọ́hùn-ún títí dòní. Ní ọ̀pọ̀ èbúté, òun ló ń dá ẹran, ẹja àti oúnjẹ tó ti òkèèrè wọlé dúró kó tó dé ọjà.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀wà wa. Ní ọdún 2015, EU fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní dichlorvos, èyí tí wọ́n bá lára rẹ̀ ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ. Bí irú àpò ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ bá dé èbúté Ìlú Ọba, òṣìṣẹ́ kánsù ni yóò dá a dúró. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹrù Nàìjíríà, ẹrù Ṣáínà, ẹrù Bràsílì, tipẹ́tipẹ́. Àmọ́ láti ọdún 1993 tí ọjà Yúróòpù ti di ọjà kan ṣoṣo, wàràkàṣì Faransé àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ Jámánì ń kọjá níwájú rẹ̀ láìsí pé ó béèrè ìwé kankan. Bí ẹ bá ti gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá rí, ẹ mọ ohun tí ibodè jẹ́: okùn, ìwé, ìbéèrè, ìdúró. Dover kò ní okùn fún oúnjẹ Yúróòpù fún ohun tó lé ní ọdún 25. Ohun tí ẹgbẹ́ ọjà ń ṣe fún àwọn tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá jáde yóò tún bá okùn pàdé, kò sì sí iye owó ibodè tí wọ́n fagi lé tó lè mú àyẹ̀wò ẹran àti ẹja kúrò.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Portsmouth. Ìlú yìí wà ní gúúsù England, orí erékùṣù ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà, èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ sì lé ní 200,000. Ọ̀nà mẹ́ta péré ni ọkọ̀ ń gbà wọ erékùṣù náà: márosẹ̀ M275, ọ̀nà A3, àti A2030. Èbúté ọkọ̀ tó ń lọ sí Faransé àti Sípéènì wà létí M275 gan-an. Kánsù ìlú ló ni èbúté yìí, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀, kì í sì í ṣe oníṣòwò aládàáni. Èrè tó bá ti ibẹ̀ wá, iṣẹ́ ìlú ni wọ́n fi ń ṣe. Kí ẹ má sì rò pé ìlú tí kò fẹ́ ìjáde ni: nínú ọgọ́rùn-ún ìbò Portsmouth, 58 ló ní kí wọ́n jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ kánsù náà kò lẹ́nu nínú ìyẹn. Iṣẹ́ tiwọn ni kí ìlú má dúró.

Ìṣirò tó wà níwájú wọn rèé. Bí tírélà kan bá dé láìní ìwé tí àwọn aṣọ́bodè Faransé yóò béèrè, kò ní lè wọ ọkọ̀ ojú omi. Àyè tó wà láàárín ẹnu ọ̀nà èbúté àti márosẹ̀ kò pọ̀. Bí tírélà bíi mélòó kan bá dúró níbẹ̀, ìlà yóò bọ́ sórí M275. Bí M275 bá sì dí, ọ̀nà méjì ló kù fún gbogbo erékùṣù: fún nọ́ọ̀sì, fún panápaná, fún àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó ọmọ ogun ojú omi, fún ọmọ iléèwé. Nítorí náà ni kánsù àti ọlọ́pàá fi ṣètò pé kí tírélà kọ́kọ́ yà sí ibùdókọ̀ kan ní Tipner, lẹ́bàá márosẹ̀, kí wọ́n yẹ ìwé rẹ̀ wò níbẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá pé kò ní dé ẹnu ọ̀nà èbúté rárá. Irú ètò báyìí rọrùn láti sọ, ó nira láti ṣe. Èèyàn gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Awakọ̀ tó ti Pólàǹdì wá nílò ilé ìgbọ̀nsẹ̀, omi, àti ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Òótọ́ ni, bí arọ bá mọ ọjọ́ ogun. Wọ́n kọ́kọ́ sọ pé ọjọ́ 29 oṣù kẹta 2019 ni ìjáde. Ó di ọjọ́ 12 oṣù kẹrin. Ó di ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá. Ó tún di ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2020. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n jáde lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ní gbogbo nǹkan yóò wà bó ṣe wà títí di òpin ọdún náà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sún ọjọ́, kánsù ti gba èèyàn síṣẹ́, ó ti yá pápá, ó ti fagi lé ìsinmi òṣìṣẹ́. Ọjọ́ 24 oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó fẹnu kò lórí àdéhùn òwò pẹ̀lú EU, ọjọ́ mẹ́jọ kí ètò tuntun tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀sán ọjọ́ tí gbogbo ọ́fíìsì ń tì fún Kérésìmesì. Inú mi kì í dùn bí mo bá ronú kan èyí. Aṣòfin lè dá ọjọ́ sún. Ẹni tó máa gbé àmì ojú ọ̀nà lọ sórí márosẹ̀ lóru gbọ́dọ̀ mọ òru wo ni.

Ní Kent, níbi tí Dover wà, ọ̀rọ̀ náà tún le ju ti Portsmouth lọ. Kí Brexit tó dé, tírélà tó ń gba Dover lọ tàbí bọ̀ lè tó 10,000 lọ́jọ́ tí ọjà bá yá. Àwọn aláṣẹ èbúté sọ ọ́ léraléra pé bí àyẹ̀wò bá fi ìṣẹ́jú méjì péré kún àkókò tírélà kọ̀ọ̀kan, ìlà ọkọ̀ yóò gùn tó máìlì 17. Kent sì ti rí irú rẹ̀ rí. Ní ọdún 2015, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní Calais, èbúté Faransé tó kọjú sí Dover, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi daṣẹ́ sílẹ̀, ni wọ́n bá sọ márosẹ̀ M20 di ibùdókọ̀ tírélà. Nítorí kí irú ẹ̀ má tún ṣẹlẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ètò tí wọ́n pè ní Operation Brock: tírélà tó ń lọ sí Yúróòpù yóò tò sí apá kan M20, ọkọ̀ yòókù, ti àlọ àti ti àbọ̀, yóò máa pín apá kejì lò. Ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní 2019, wọ́n dán ètò mìíràn wò ní pápákọ̀ òfuurufú àtijọ́ kan ní Manston, kí tírélà máa tò síbẹ̀, kí wọ́n sì máa tú wọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sí Dover. Tírélà 89 ló wá. Ẹ fi 89 wé 10,000, kí ẹ sọ fún mi ohun tí ìdánwò yẹn lè kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní Ramsgate, ìtòsí Manston, kánsù Thanet ló ni èbúté. Ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ mílíọ̀nù 13.8 pọ́n-ùn fún ilé-iṣẹ́ kan tí kò ní ọkọ̀ ojú omi ẹyọ kan, pé kó máa gbé ẹrù láti ibẹ̀ lọ sí Ostend ní Bẹ́ljíọ̀mù. Kánsù dúró de iṣẹ́ náà, wọ́n ti ń wú iyanrìn inú omi kí ọkọ̀ lè ráyè wọlé. Ní oṣù kejì 2019, ìjọba fagi lé e.

Ohun tó wá dán Kent wò gan-an kì í ṣe Brexit. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejìlá 2020, Faransé ti ibodè rẹ̀ fún wákàtí 48 nítorí irú kòrónà tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní England. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún awakọ̀ há sójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ṣe Kérésìmesì nínú tírélà. Ètò Brexit tí Kent ti ń tò láti ọdún méjì ni wọ́n fà yọ: M20 ṣiṣẹ́, Manston ṣiṣẹ́. Ohun tí ètò náà kò kà mọ́ ọn dáadáa ni ikùn àti ìtura awakọ̀. Àwọn ará abúlé ẹ̀bá ọ̀nà, àwọn ẹlẹ́sìn Sikh, àwọn ẹlẹ́yinjú àánú, ni wọ́n gbé oúnjẹ gbígbóná wá. Mo máa ń rò ó pé ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ju ti gbogbo ìwé ètò lọ.

Ẹ bá mi padà sí Portsmouth, nítorí ilé kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ìjọba àpapọ̀ ní kí èbúté tó bá fẹ́ máa gba ẹran, ẹja àti ohun ọ̀gbìn láti Yúróòpù lọ kọ́ ilé àyẹ̀wò. Wọ́n ya mílíọ̀nù 200 pọ́n-ùn sọ́tọ̀ fún gbogbo èbúté ilẹ̀ náà, owó tí wọ́n béèrè sì ju ìyẹn lọ fíìfíì. Portsmouth gba mílíọ̀nù 17, kò tó iye tí wọ́n béèrè, kánsù sì fi owó ìlú kún un títí ilé náà fi jẹ nǹkan bíi mílíọ̀nù 25. Ilé gidi ni wọ́n kọ́: yàrá tútù, yàrá ẹran lọ́tọ̀, yàrá ewébẹ̀ lọ́tọ̀, ẹnu ọ̀nà tí tírélà yóò fẹ̀yìn tì, gbogbo rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìjọba ṣe là á kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjọba tún bẹ̀rẹ̀ sí í sún ọjọ́. Ó yẹ kí àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ ní 2021. Wọ́n sún un. Wọ́n tún un sún. Ní oṣù kẹrin 2022, mínísítà Jacob Rees-Mogg kéde pé ó di ìparí 2023. Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin 2024 ni àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà yẹn, ìjọba ti yí òfin padà, àyẹ̀wò tó kù kéré sí èyí tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́lé, ìdajì ilé náà kò sì ní iṣẹ́ kankan. Nígbà tó tún di ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún 2025, ìjọba tuntun ti Keir Starmer àti EU ṣèpàdé ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fẹnu kò pé àwọn máa ṣe àdéhùn lórí oúnjẹ àti ohun ọ̀gbìn tí yóò mú èyí tó pọ̀ jù nínú àyẹ̀wò náà kúrò. Ni àwọn aláṣẹ Portsmouth bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní gbangba pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n wó ilé mílíọ̀nù 25 náà.

Ẹ gbọ́, kánsù yẹn kò ṣe ohun tó burú. Òfin ní kó kọ́lé, ó kọ́lé. Bí kò bá kọ́ ọ, ẹrù yóò gba èbúté mìíràn lọ, iṣẹ́ yóò bá ẹrù lọ. Ẹ̀bi wà lọ́rùn ẹni tó ń pàṣẹ láì tíì pinnu ohun tó fẹ́. Owó ìlú ló sì há sínú rẹ̀, owó tó yẹ kó tún ilé ìkàwé ṣe, kó sì gba olùtọ́jú síṣẹ́.

Dover tún ní tirẹ̀. Àyẹ̀wò tó yẹ kó máa wáyé létí èbúté, wọ́n gbé e lọ sí Sevington, máìlì 22 sí Dover. Èyí túmọ̀ sí pé ọkọ̀ tó gbé ẹran tí kò yẹ yóò kọ́kọ́ rin máìlì 22 lójú títì kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i. Àwọn wolé-wolé kánsù Dover, tí wọ́n dúró létí omi láti ṣọ́ àrùn ẹlẹ́dẹ̀ ti ilẹ̀ Áfíríkà tó ń jà ní Yúróòpù, ti gba ẹran tó wọlé lọ́nà àìtọ́ tó ju 100 tọ́ọ̀nù lọ láti oṣù kẹsàn-án 2022, òmíràn wà láìdì, nínú àpò àti nínú búùtù ọkọ̀. Ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń bá ìjọba àpapọ̀ ṣàríyànjiyàn lórí owó tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà.

Símẹ́ńtì ni mo ti ń sọ látàárọ̀. Ó ku èèyàn.

Nígbà tí Ìlú Ọba wà nínú EU, ará Ítálì, Pólàǹdì, Sípéènì tàbí Pọ́túgà lè wá gbé ibẹ̀, kó ṣiṣẹ́, kó bímọ, kó darúgbó, láìgba ìwé àṣẹ kankan. Brexit fòpin sí èyí. Ìjọba wá ṣí ètò kan tí wọ́n pè ní EU Settlement Scheme ní oṣù kẹta 2019: kí olúkúlùkù wọn kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ láti máa gbé níbi tó ti ń gbé tẹ́lẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí àgbàlagbà san 65 pọ́n-ùn, ariwo pọ̀, wọ́n fagi lé owó náà. Ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2021 ni wọ́n fi ìparí rẹ̀ sí. Ẹni tí kò bá kọ̀wé títí di ọjọ́ yẹn yóò jí lọ́jọ́ kejì láìní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́, láti gba ilé, láti gba ìrànwọ́.

Ẹni tó lọ́pọlọ, tó ní fóònù, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ẹ wá wo àwọn yòókù. Ìlú Bedford kún fún àwọn ará Ítálì tó wá ṣiṣẹ́ bíríkì láàárín ọdún 1950 sí 1960. Bí irú bàbá bẹ́ẹ̀ bá wà nílé ìtọ́jú, tí iyè rẹ̀ ti ń ra, ta ni yóò kọ̀wé fún un? Ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tí kánsù gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ará Rumania nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, tí kò ní páásípọ́ọ̀tù, kánsù ni òbí rẹ̀. Bí kánsù bá gbàgbé, ọmọ náà yóò pé ọdún 18 láìní ẹ̀tọ́ ní ìlú kan ṣoṣo tó mọ̀. Ẹni tó ń sùn sójú títì ńkọ́? Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kó ìwé rẹ̀ pa mọ́ ńkọ́?

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ràn iṣẹ́ àwọn kánsù jù. Àwọn òṣìṣẹ́ ń tú fáìlì ọmọ kọ̀ọ̀kan tó wà lábẹ́ ìtọ́jú wọn, kì í ṣe pé kí wọ́n bi kọ̀ǹpútà, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ni kọ̀ǹpútà kò mọ ìlú tí òbí ọmọ ti wá. Wọ́n ń kọ̀wé sí ilé aṣojú orílẹ̀-èdè òbí wọn kí ọmọ lè ní páásípọ́ọ̀tù. Ní ilé ìkàwé àti ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀, wọ́n ń bá èèyàn ya ìwé rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, nítorí ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, fóònù Android nìkan ló lè ṣe é, iPhone kò lè ṣe é. Wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Pólàǹdì, sí ilé oúnjẹ àwọn tí kò nílé. Ìjọba àpapọ̀ ti fojú bù ú pé láàárín mílíọ̀nù 3.5 sí 4.1 èèyàn ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Nígbà tí ọjọ́ pé, ìwé ìbéèrè tó wọlé ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Bí a bá yọ àwọn tó kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì, iye náà ṣì ju ti ìjọba lọ dáadáa.

Èló ni wọ́n fún wọn fún gbogbo èyí? Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, ìjọba kéde mílíọ̀nù 56.5 pọ́n-ùn fún ìmúrasílẹ̀ Brexit ní England. Èyí tó kan kánsù kékeré fún ọdún méjì jẹ́ 35,000 pọ́n-ùn; kánsù ńlá bíi Portsmouth tàbí Southwark gba 210,000. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, wọ́n fi mílíọ̀nù 20 kún un, wọ́n sì pàṣẹ pé kí kánsù kọ̀ọ̀kan yan òṣìṣẹ́ kan tí yóò máa darí ọ̀rọ̀ Brexit. Ẹ fi 210,000 wé mílíọ̀nù 25 ilé Portsmouth.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn tiwa wàyí. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Ìlú Ọba dìbò ní 2016, nítorí Nàìjíríà wà nínú Commonwealth; ará Ítálì tó ń gbé ilé kejì sí wọn ní Peckham, tó ti ń sanwó orí láti ogún ọdún, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò lórí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ní Southwark, níbi tí Peckham wà, nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, bíi 73 ló ní kí wọ́n dúró. Síbẹ̀ àwọn Yorùbá kan wà tí ọ̀rọ̀ EU kàn tààrà. Àwọn kan ti gbé Ítálì, Sípéènì tàbí Jámánì fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n gba páásípọ́ọ̀tù ibẹ̀, wọ́n sì kó wá sí Lọ́ńdọ̀nù: àwọn náà gbọ́dọ̀ kọ̀wé. Àwọn mìíràn jẹ́ ìyá tí kò ní ìwé, tí ọmọ wọn jẹ́ ọmọ Ìlú Ọba. Láti 2011 ni ìdájọ́ kan ní ilé ẹjọ́ EU, tí wọ́n ń pè ní Zambrano, ti dáàbò bo irú ìyá bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí wọ́n bá lé ìyá, wọ́n lé ọmọ. Nígbà Brexit, ìwé tí wọ́n ní kí irú ìyá yìí kọ kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orí tẹlifóònù ló ti máa béèrè fún un, ìlànà tí wọ́n fi ń dá ìwé náà padà sì le koko. Obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní oṣù kẹfà 2021, nígbà tí ọjọ́ ìparí kù sí dẹ̀dẹ̀, ilé ẹjọ́ gíga sọ pé ìjọba ṣi òfin ara rẹ̀ kà. Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìyá rí àyè mí. Nígbà tí wọ́n ń dúró, kánsù ni òfin ọmọdé ti 1989 ní kó rí i pé ọmọ wọn jẹun, kó sì sùn sábẹ́ òrùlé.

Ohun kejì tó kan àwọn èèyàn wa ni iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Àwọn ará Yúróòpù wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí fún kánsù. Nígbà tí Brexit dí ọ̀nà wọn, tí kòrónà sì rẹ àwọn tó kù, àyè tó ṣófo nínú iṣẹ́ náà ní England dé 165,000 ní ọdún 2021 sí 2022. Ní oṣù kejì 2022, ìjọba ṣí ilẹ̀kùn fún olùtọ́jú láti ibikíbi láyé. Ẹ mọ ìyókù. Láti Ìbàdàn, láti Òṣogbo, láti Adó-Èkìtì, olùkọ́, òṣìṣẹ́ báńkì àti nọ́ọ̀sì ta mọ́tò, ta ilẹ̀, wọ́n lọ. Ọ̀pọ̀ rí iṣẹ́ gidi, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa. Àwọn kan sanwó rẹpẹtẹ fún alágbàtà, wọ́n débẹ̀, wọn ò bá iṣẹ́. Ìjọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe irú èyí, òṣìṣẹ́ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sì ní ọjọ́ 60 láti rí agbanisíṣẹ́ mìíràn. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2024, olùtọ́jú tó ń bọ̀ kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ wá mọ́. Láti ọjọ́ 22 oṣù keje 2025, wọn kò gba olùtọ́jú tuntun láti òkèèrè mọ́ rárá.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín lónìí pé òun ní ìwé iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó láti tà fún ẹni tó wà ní Nàìjíríà, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ọ̀nà yẹn ti tì. Bí ẹ bá sì ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ti wà lọ́hùn-ún, tí ilé-iṣẹ́ tó gbà á pàdánù ìwé àṣẹ, ẹ sọ fún un pé ìjọba fún àwọn kánsù ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní England lówó láti bá irú àwọn bẹ́ẹ̀ wá agbanisíṣẹ́ mìíràn. Kó má jókòó sílé kó máa sunkún. Kó lọ sí kánsù àdúgbò rẹ̀, kó béèrè ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà ní ẹkùn rẹ̀, kó sì mú lẹ́tà ìjọba àti ìwé owó oṣù rẹ̀ dání.